Òjé Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ọkọ̀ Bàámi

Mo ti dàgbà tó ẹni tó yẹ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé, mi ò sì ní í díbọ́n pé mo gbàgbé. Bí mo bá gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe táyà, tí mo rí i tí wọ́n mú òjé pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi òòlù kàn án mọ́ etí rímù, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rántí pé èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Ọkùnrin tó máa ń bá mi ṣe é ti mọ ìwà mi. Á ní, "Màmá, ẹ lọ jókòó síbi ìbòòji, mi ò ní jí nǹkan kan níbẹ̀." Kò mọ̀ pé kì í ṣe olè ni mò ń ṣọ́. Òjé mẹ́rin péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó ìka ọwọ́ ọmọdé, ló fẹ́ lé ìyá mi kúrò nílé ọkọ rẹ̀, àwọn àgbà tó ní làákàyè sì jókòó tì í, wọ́n ń mi orí.

Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ la ń gbé nígbà náà, nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tó ní àgbàlá gbọọrọ lẹ́yìn àti igi ìbẹ́pẹ kan tí kì í so dáadáa. Ọdún tí owó oṣù kì í wọlé ni. Bàámi jẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Láràárọ̀ ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Màámi ti lọ̀, tó ń lọ jókòó sídìí tábìlì, ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, ìròyìn ló máa ń mú bọ̀ wálé. Ohun tó ń bọ́ wa gan-an ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kan tó ti gbó, tó fi ń kó èrò lọ sí Oǹdó lẹ́yìn iṣẹ́ àti lọ́jọ́ Sátidé. Ohùn méjì ló máa ń jí mi: ohùn ọlọ tí Màámi fi ń lọ ẹ̀wà àkàrà tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà, àti ohùn ọkọ̀ yẹn tí yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi nínú kànga, kí n gbálẹ̀ àgbàlá, kí n sì fi àkísà nu ọkọ̀. Torí náà, lẹ́yìn Bàámi, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ yẹn tó mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé táyà iwájú méjèèjì ti jẹ débi pé okùn inú rẹ̀ ń yọjú. Mo sọ fún Bàámi. Ó ní òun náà ti rí i, kí n máa fi sí àdúrà. Ẹ̀bà la ń jẹ lálaalẹ́, pẹ̀lú ilá tí wọ́n bu epo sí. Bí iyán bá délẹ̀, a mọ̀ pé àlejò wà nílé.

Àlejò tó sábà máa ń fa iyán ni ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin, tó ń gbé ní Oǹdó. Màmá Lọ́rì ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ni lọ́rì mẹ́ta tó ń kó kòkó, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń jókòó ti awakọ̀ níwájú kí wọ́n má baà jí ẹrù gbé. Ó mọ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lójú títì, á ti sọ ohun tó ń ṣe é látinú ìró rẹ̀, kì í sì í sábà ṣì í sọ. Ọ̀kan nínú àwọn lọ́rì náà ló pa ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Òkìtìpupa. Táyà iwájú ló bẹ́. Mò ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo kàn kórìíra rẹ̀ lásán. Ìbànújẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé bó bá dé, kò ní í jẹ ẹ̀bà. Á ní ọmọ Oǹdó kì í fi gààrí sùn, Màámi tó ti wà lórí ìdúró látàárọ̀ á tún lọ gbé odó. Bí Màámi bá sì sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, á ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́." Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Màámi. Ọdún mẹ́tàlá ló ti lò nílé wa, síbẹ̀ lójú Màmá Lọ́rì, àjèjì ni.

Lọ́dún yẹn, òjò ńlá kan pa Bàámi lójú ọ̀nà, ibà sì dá a wólẹ̀. Ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè wà á. Ọjọ́ kẹta àìsàn náà ni Màámi ṣí àpótí rẹ̀, ó yọ aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ hun fún un nígbà ìgbéyàwó, ó fi ìró dì í, ó jáde. Nígbà tó máa padà, táyà tuntun méjì ló gbé bọ̀. Táyà tuntun gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lò tì nílùú òyìnbó. Irun rọ́bà tín-ín-rín ṣì wà lára rẹ̀, ó ń rùn bíi bàtà ọdún. Àwọn ará ilé kejì gbọ́, wọ́n wá ń kí wa pé a ó fi rìn ire. Mo bi Màámi pé aṣọ òfì yẹn ńkọ́. Ó ní aṣọ kì í gbé èèyàn lọ sí Oǹdó kó gbé e bọ̀ láàyè. Ó ní kí n má sọ fún Bàámi, pé bó bá dìde lórí àìsàn ni kó rí i lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Làmídì ló wá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, Mùsùlùmí, abẹ́ àtíbàbà kan ní Alágbàká ló ti ń ṣe táyà ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó ki búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, ó tú ẹsẹ̀ méjèèjì, a kó wọn sẹ́yìn takisí, èmi àti Màámi bá a lọ sí Alágbàká. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ojú mi ló ṣe. Ó tẹ etí táyà àtijọ́ títí tó fi jáwọ́ lára rímù, ó fi irin méjì hú u jáde. Ó fi omi ọṣẹ pa etí táyà tuntun, ó wá ń fi irin náà tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wọ ẹ̀wù tó há fún ọmọ. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, táyà dún gbàù lẹ́ẹ̀mejì, mo fò sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti jókòó sáyè rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọkanáísà máa ń parí iṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Làmídì gbé e ka orí ẹ̀rọ kan, ó yí i, táyà ń pòòyì, ẹ̀rọ ń gbọ̀n. Ó dá a dúró, ó mú òjé pẹlẹbẹ kan nínú agolo, ó fi òòlù kàn án mọ́ etí rímù láti inú, ó tún yí i. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yọ ọ́, ó fi èyí tó kéré sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ẹ̀rọ fi dákẹ́ tí táyà ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo bi í pé kí ni òjé náà wà fún. Ó ní, "Ọmọ mi, kò sí táyà tó wúwo dọ́gba yípo. Ibi tó bá ti fúyẹ́, òjé la fi ń dí i. Bí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, o ò ní mọ̀. Bó bá ń sáré ni ọwọ́ awakọ̀ á máa gbọ̀n, táyà á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Báláńsì ló pè é. Màámi ní kó ṣe gbogbo rẹ̀ pátá, kó má ku nǹkan kan, torí ọkọ òun ni yóò máa gbé. Òjé méjì méjì ló kàn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti padà sáyè rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá Lọ́rì dé láti Oǹdó, pé òun gbọ́ pé ara àbúrò òun ò yá. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ yà sí. Ó rí táyà tuntun, ó yìn ín, ó fọwọ́ pa á lára. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́, bó ṣe máa ń ṣe sí lọ́rì ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ ti yí padà. Mi ò ní lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, torí pé bí inú bá ń bí i, Oǹdó tó jinlẹ̀ ló ń sọ, èmi ọmọ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ta ló pààrọ̀ táyà yìí?"

Màámi ti kúnlẹ̀ kí i. Ó ní òun ni, Bàbá Bọ́lá ò tíì mọ̀. Èmi ni Bọ́lá.

"Níbo lo gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ?"

"Alágbàká ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ń ṣe é ní—"

"O tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ àbúrò mi, o gbé e jáde nílé, nígbà tí òun alára wà lórí ẹní tí kò lè gbé ọrùn. Kí ni òjé ń wá níbẹ̀?"

Màámi ṣàlàyé bí Bọ̀ọ̀dá Làmídì ṣe ṣàlàyé fún wa. Màmá Lọ́rì ní lọ́rì mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun níyàwó títí ọkọ òun fi kú, òun ò rí òjé lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rí. Ó ní òjé tí òun mọ̀, ọrùn ọwọ́ àwọn abọ̀rìṣà ló ń wà, tàbí ibi tí ẹni ibi bá ti fẹ́ di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí. Ẹ wá wò ó, ohun tó mọ̀ gan-an ló ṣì í lọ́nà. Ká ní kò mọ nǹkan kan nípa táyà ni, ì bá béèrè. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?" Bẹ́ẹ̀ ibà ti dá Bàámi dùbúlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ka ọjọ́ náà. Mo wà níbẹ̀, mo mọ ọjọ́, mo mọ òjé, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ojú mi ló ṣe, ibi tó fúyẹ́ ni wọ́n fi dí." Ìfọ́tí tí mo gbà lọ́jọ́ náà, etí mi hó títí di ọ̀sán. Ó ní wọ́n ti kọ́ ọmọ náà ní ohun tó máa sọ.

Bàámi jáde síta, ó da aṣọ bora, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo rò pé ó máa sọ̀rọ̀. Bàámi tó jẹ́ akọ̀wé, tó ń ka ìwé ìròyìn látòkè délẹ̀, tó máa ń sọ fún wa pé ká má gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ láìwádìí. Ó wo ọkọ̀, ó wo Màámi, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ọ́, kí ilé lè tòrò." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Màmá Lọ́rì fi ṣóńṣó àdá ṣí òjé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ó dì wọ́n sínú àkísà, ó jù wọ́n sí ṣáláńgá. Màámi ò bá a jà. Ohun tó sọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wà á, ẹ má sáré." Ó bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ torí ó gbọ́ ohun tí Làmídì wí, torí ó fẹ́ kó yè. Ọ̀rọ̀ àánú yẹn ni wọ́n padà fi mú un.

Nígbà tí ara Bàámi yá, ó ní òun á gbé ẹ̀gbọ́n òun padà sí Oǹdó. Mo jókòó sẹ́yìn láti bá Màmá Lọ́rì gbé ẹrù. Nínú ìgboro, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tá a bọ́ sójú ọ̀nà tí ọ̀dà rẹ̀ dáa, tí Bàámi tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n, gíláàsì ń ró, yẹtí Màmá Lọ́rì ń jó. Màmá Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Bàámi dẹwọ́ eré, gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Ó tún tẹ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bàámi, òjé tí wọ́n yọ ni." Ó ní, "Bọ́lá, dákẹ́." Màmá Lọ́rì yíjú sí i, ó ní, "Ṣé o ti rí i báyìí? Ó ní kí o má sáré. Ta ló sọ fún un pé bí o bá sáré, nǹkan á ṣe ọkọ̀? A yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wọ ọkọ̀ lára." Mo gé ètè mi jẹ. Mo mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń gbọ̀n, mo jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sì sọ mí di odi torí pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàámi sọ fún Màámi pé kó lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀. Màámi ní kí òun mú mi dání. Bàámi ní rárá, ọmọ ilé ni mí. Ó lọ láàárọ̀ pẹ̀lú àpò kan. A ò gbọ́ ìró ọlọ mọ́. Èmi ni mò ń tẹ ẹ̀bà, ó ń ní kókó, Bàámi ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ tó ń sọ fún ará ilé kejì pé ẹbí ń bọ̀ lọ́la, pé Màmá Lọ́rì ní kí wọ́n wá dá ìyókù ẹrù Màámi padà fún àwọn èèyàn rẹ̀. Mo wọ yàrá Màámi, mo wo àpótí rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí àpótí yẹn bá jáde nílé, ìyá mi ò ní padà mọ́.

Ní Sátidé, mo gbálẹ̀ tán, mo pọnmi kún ìkòkò kí ẹnikẹ́ni má baà wá mi, mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìsìkàn dé Alágbàká. Bọ̀ọ̀dá Làmídì ń fẹ́ táyà lọ́wọ́. Mo rò ó fún un. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ tó fi sọ òòlù sílẹ̀, tó fọ ọwọ́, tó ní, "Wọ́n lé ìyá rẹ kúrò nínú ulé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi?" Ó gbé agolo òjé rẹ̀, ó dá takisí dúró.

Àwọn àgbà ti jókòó nígbà tá a dé, Màmá Lọ́rì náà wà láàárín wọn. Ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Bàámi, ọ̀gá ńlá kan tí a máa ń pè ní Dádì Alágbàká, ọkọ̀ rẹ̀ tó ń dán sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá Làmídì dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń ṣe táyà ọkọ̀ yín?"

Dádì ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni?"

"Èmi ni sà. Màmá, ẹ dákun, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ síbí yìí, kí ẹ wò ó fúnra yín."

Màmá Lọ́rì bẹ̀rẹ̀. Òjé wà níbẹ̀. Ó lọ sí ẹsẹ̀ kejì, òjé wà níbẹ̀. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó di ìbàdí mú, òjé wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bó bá wá sí Àkúrẹ́ nìyẹn. Dádì rẹ́rìn-ín tí kò dé ọ̀fun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi náà ni wọ́n di ẹrù lé lórí?" Bọ̀ọ̀dá Làmídì nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ yìí sọ fún yín." Màmá Lọ́rì nàró, ó gbọn ìró rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tiwa, wọn kì í ṣe é." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn, láti ọjọ́ náà títí tá a fi sin ín. Àwọn yòókù ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ ta ló tán? Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní òun ṣẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun bẹ ọmọ Ọ̀wọ̀. Bọ̀ọ̀dá Làmídì kó ẹsẹ̀ ọkọ̀ Bàámi lọ, ó tún un ṣe, ó dá a padà. Bàámi wà á dé ojú ọ̀nà Oǹdó, ó sáré, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

Ọjọ́ kejì, òun àti èmi lọ sí Ọ̀wọ̀. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Bàámi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, ó jókòó, ó ro gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ọkọ̀ ò gbọ̀n mọ́, kí Màámi jẹ́ ká máa lọ sílé. Màámi ṣa ẹ̀wà náà tán kó tó gbójú sókè.

Ó ní, "Làmídì jẹ́rìí mi, Ọlọ́run á san án fún un. Bọ́lá jẹ́rìí mi, ó gba ìfọ́tí. Kí Làmídì tó dé, Bàbá Bọ́lá, kí lẹ̀yin gbà gbọ́?"

Bàámi ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi ni."

Màámi mi orí. Ó wọlé lọ mú àpò rẹ̀, ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Bàámi ti ṣáájú lọ ṣílẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ dè é. Màámi kọjá lára ilẹ̀kùn náà, ó mú mi dé ibùdókọ̀, a wọ bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́, ìjókòó tó kẹ́yìn. Bàámi tẹ̀ lé wa. Láti Ọ̀wọ̀ títí dé Àkúrẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn wa, òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró kí èrò sọ̀, òun náà á dúró. Bó bá gbéra, á gbéra. Mo yíjú sẹ́yìn, mò ń wò ó látinú gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró ṣinṣin lórí sítíárìn. Obìnrin tó jókòó tì wá náà rí i. Ó bi Màámi pé, "Ta ni bàbá tó ń tẹ̀ lé wa látìgbà yìí?"

Màámi ní, "Bàbá ọmọ mi ni."

"Ṣé ọkọ̀ wọn ò dáa ni, tí ẹ fi wọ bọ́ọ̀sì?"

Màámi ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ó dáa. Èmi ni mo ra táyà rẹ̀."